Kọ̀ǹpútà Àpò Oníkíbọ́ọ̀dù: Àwọn Ìbéèrè Tí Ẹ Ń Bi Wá Lemọ́lemọ́

Kí ni ẹ ń pè ní kọ̀ǹpútà àpò gan-an?

Ẹ̀rọ tó ṣe é kì bọ àpò kóòtù tàbí àpò agbádá ni, tó ní bọ́tìnnì gidi fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, tí ẹ lè fi kọ̀wé, tí ẹ lè fi to fáìlì, tí ẹ sì lè gbé ètò tuntun sí láìsí kọ̀ǹpútà ńlá nítòsí. Bí ohun tó wà lọ́wọ́ yín bá ní bọ́tìnnì ṣùgbọ́n tí kò jẹ́ kí ẹ fọwọ́ kan fáìlì inú rẹ̀, fóònù ni lójú tiwa.

Kì í ṣe ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Atari Portfolio jáde ní 1989. Ìlà mẹ́jọ péré ló ń hàn lójú rẹ̀, lẹ́tà 40 lórí ìlà kan, bátìrì AA mẹ́ta ló sì ń jẹ. HP 95LX dé ní 1991, HP 200LX ní 1994, Nokia 9000 Communicator ní 1996, Psion Series 5 ní 1997. Ní Japan, Sharp ta Zaurus tó ń lo Linux. Lára àwọn tó dé lẹ́yìn wọn ni Gemini ti Planet Computers (2018), GPD Pocket (2017), GPD MicroPC (2019) àti uConsole ti ClockworkPi.

Fóònù wà lọ́wọ́ mi. Kí ni mo fẹ́ fi èyí ṣe?

Bí kíkà àti wíwò bá ni iṣẹ́ yín lórí ẹ̀rọ, tí èsì yín kì í ju "ó dáa, mo ti rí i" lọ, fóònù ti tó. Ẹ fi owó yín ra nǹkan mìíràn.

Ẹni tó ń kọ̀wé gùn ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Lórí ojú dígí, kíbọ́ọ̀dù tó ń yọ láti ìsàlẹ̀ máa ń gba nǹkan bí ìdajì ojú fóònù, ibi tó sì ṣẹ́ kù kò gba ju gbólóhùn mélòó kan lọ. Ìka kò mọ ibi tó wà lórí dígí, torí náà ojú ní láti máa ṣọ́ ìka. Bọ́tìnnì gidi ní etí tí ìka lè fọwọ́ bà; lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi méjì, ojú yín á kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù, á wá dúró sórí ọ̀rọ̀. Àwọn tó ń bójú tó server náà mọ̀ pé Ctrl, Esc, Tab àti bọ́tìnnì olọ́fà wà níbẹ̀ láìwá wọn kiri.

Ìdí kejì ni pé ó ń tàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ tẹ ON lórí 200LX tàbí Psion, ibi tí ẹ dúró sí lánàá ló máa ṣí sí, lórí gbólóhùn kan náà. Kò sí ẹni tó máa fi àwòrán òwú àṣọ ẹbí já yín gbà lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìyẹn kò tó nǹkan, títí wọ́n á fi lò ó.

Ṣé kí n kúkú ra kíbọ́ọ̀dù Bluetooth fún fóònù mi?

Bí ẹ bá ń rí tábìlì lò nígbà gbogbo, ẹ rà á. Ó dínwó jù. Ṣùgbọ́n lórí itan nínú dánfó, tàbí níbi tí ẹ ti ń to ìlà ní báńkì, kò ní dúró: fóònù á ṣubú sí ẹ̀yìn, kíbọ́ọ̀dù á ká mọ́ yín lọ́wọ́. Ohun méjì lẹ ó sì máa ṣájì dípò ẹyọ kan.

BlackBerry mi àtijọ́ ṣì wà ní dúrọ́ọ̀. Ṣé ó ṣì wúlò?

Ó sinmi lórí èyí tó jẹ́. Láti ọjọ́ 4 oṣù kìíní 2022 ni ilé iṣẹ́ náà ti pa iṣẹ́ tó gbé BlackBerry OS 7.1 àti èyí tó ṣáájú rẹ̀ ró, àti BlackBerry 10 pẹ̀lú. Bold, Curve, Torch, Q10, Passport: ìpè, SMS àti dátà wọn kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé mọ́. BIS, íńtánẹ́ẹ̀tì BlackBerry tí gbogbo wa ń sanwó rẹ̀ lóṣooṣù nígbà náà, ti lọ. Àwọn tó ń lo Android, ìyẹn Priv (2015), KEYone (2017) àti KEY2 (2018), kò sí nínú ìpapa yẹn, ṣùgbọ́n Android wọn ti gbó.

Kíbọ́ọ̀dù wọn nìkan ló ṣì níye lórí. Àwọn tó ń kan ẹ̀rọ fúnra wọn máa ń yọ ti Q10 tàbí Q20, wọ́n á so ó mọ́ bọ́ọ̀dù kékeré. Ẹ má sọ ọ́ nù.

Ṣé WhatsApp á ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀?

Lórí Gemini, tó ń lo Android, ó sinmi lórí irú Android tí WhatsApp ṣì ń gbà lọ́dún tí ẹ rà á. Ẹ wò ó kí ẹ tó sanwó. Lórí GPD, ẹ lè lo WhatsApp Web, fóònù yín ni ẹ ó fi wọlé. Lórí 200LX tàbí Psion, rárá.

Ṣé mo lè fi ìka mẹ́wàá tẹ̀ ẹ́?

Ẹ wọn àlàfo láti àárín bọ́tìnnì kan dé àárín èyí tó tẹ̀ lé e. Lórí kíbọ́ọ̀dù ńlá, mìlímítà 19 ni. Ní ìwọ̀n tiwa, bí ó bá ti wálẹ̀ tó 13, ìka mẹ́wàá á máa gun ara wọn, àtàǹpàkò méjì lẹ ó sì lò. Kò burú bẹ́ẹ̀, àwọn kan ń fi àtàǹpàkò kọ ojú ìwé márùn-ún lójúmọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ kan náà.

Psion 5 ló dára jù nínú àwọn àtijọ́. Martin Riddiford ló ṣe hínjì rẹ̀: bí ẹ bá ń ṣí i, kíbọ́ọ̀dù á yọ síwájú, ojú rẹ̀ á sì fẹ̀yìn tì, kò ní dojú dé bí ẹ bá fi kálàmù tẹ̀ ẹ́. Òun kan náà ló ṣiṣẹ́ lórí Gemini. Ti 200LX le, bọ́tìnnì rẹ̀ dà bí ti kalikulétọ̀. Àtàǹpàkò ló yẹ ẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní àyè nọ́ńbà tirẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún.

Èwo wá ni kí n rà?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí iṣẹ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí processor. Ẹni tó kàn fẹ́ kọ̀wé kí ó sì gbé e lọ sórí kọ̀ǹpútà ńlá, Psion Series 5mx (1999) ló yẹ ẹ́: ojú rẹ̀ jẹ́ 640×240, ó ní iná ẹ̀yìn, AA méjì ló ń jẹ. Ẹni tó fẹ́ràn DOS, tó fẹ́ ṣírò owó, tó sì fẹ́ kí bátìrì pẹ́, kó wá 200LX: DOS 5.0 wà nínú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́, pẹ̀lú Lotus 1-2-3. Ẹ mọ̀ pé 200LX kò ní iná ẹ̀yìn rárá; bí iná bá lọ lálẹ́, tọ́ọ̀ṣì lẹ ó fi wò ó.

GPD MicroPC ni a máa ń júwe fún àwọn oníṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ojú rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì mẹ́fà, ó ní RAM 8 GB, ihò RJ45 (ti okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì), àti ihò RS-232 (ti okùn serial àtijọ́) tí kò sí lára ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà òde òní mọ́. Ẹni tó ń gun òpó lọ tún switch tàbí router ṣe á mọ ìdí tí ìyẹn fi ṣe pàtàkì: kò ní kó adapter kankan dání. Ó nípọn, kò wọ àpò ṣòkòtò àfi bí ẹ bá ń purọ́ fún ara yín, àpò jákẹ́ẹ̀tì ló wọ̀.

Gemini tín-ín-rín jù, ó sì wọ àpò dáadáa. Ihò USB-C méjì ló ní, ti ọwọ́ òsì nìkan ló ń gba ṣájà. A ti rí ẹni tó gbé e lọ fún atúnfóònùṣe nítorí èyí nìkan.

uConsole ni fún ẹni tó fẹ́ to ẹ̀rọ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò fi bẹ́ẹ̀ le: ìdè skúrù ni púpọ̀ rẹ̀, Raspberry Pi CM4 (bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà kékeré) sì lè jẹ́ ọpọlọ rẹ̀. Ẹ má ṣi LILYGO T-Deck mú fún un. Ó jọ BlackBerry, ó dínwó, ṣùgbọ́n ESP32-S3, ṣíìpù kékeré kan, ló wà nínú rẹ̀, kò lè gbé Linux tó ní tábìlì iṣẹ́.

Bátìrì AA: irú wo, báwo ni ó ṣe ń pẹ́ tó?

Lórí 200LX, AA méjì lè gbé yín fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan bí ẹ kò bá lò ó jù wákàtí kan tàbí méjì lójúmọ́. Psion 5 ń jẹun ju bẹ́ẹ̀ lọ, pàápàá bí iná ẹ̀yìn bá tàn. Alkaline tó dára ni kí ẹ lò. Bátìrì olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń fi sí rímóòtù kò lè gbé e: fóltéèjì rẹ̀ á wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rọ á kú láàárín iṣẹ́.

NiMH tí a lè ṣájì dára, ó sì ń dín owó kù, ṣùgbọ́n 1.2 V ni, alkaline jẹ́ 1.5 V. Bí ẹ kò bá sọ fún 200LX nínú ètò bátìrì rẹ̀ pé irú bátìrì tó ṣe é ṣájì lẹ fi sí i, á máa kígbe pé bátìrì ti ń tán nígbà tó ṣì kún. Ṣùgbọ́n bí alkaline bá wà níbẹ̀, ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ gbìyànjú àtiṣájì rẹ̀. Torí náà ẹ tún un yí padà lọ́jọ́ tí ẹ bá dá alkaline padà.

Ohun tó ń ṣe àwọn tuntun ní jàǹbá jù nìyí: nínú ẹ̀rọ méjèèjì, RAM ni iṣẹ́ yín wà, iná ló sì mú un dúró. Bátìrì CR2032 kan wà níbẹ̀ tó ń dì í mú nígbà tí ẹ bá ń pààrọ̀ AA. Ẹ má yọ méjèèjì pọ̀ láé. Bí CR2032 bá ń kú, AA tó lágbára ni kí ó wà nínú ẹ̀rọ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Bí AA bá ń kú, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ ọ́, ẹ fi tuntun sí i, ẹ má dá àlejò lóhùn lágbedeméjì. Ẹ sì máa kọ ohun tó ṣe pàtàkì sórí káàdì.

NEPA kò dúró ṣinṣin níbi tí mo wà. Power bank wo ló máa tó?

Ẹ má ka mAh nìkan. Power bank 10,000 mAh ń tọ́jú iná ní 3.7 V, èyí tó jẹ́ 37 Wh (watt-hour, ìwọ̀n gbogbo iná tó wà nínú bátìrì). Bí ó bá ń gbé e sókè sí fóltéèjì tí ẹ̀rọ ń béèrè, díẹ̀ á ṣòfò di ooru. Ẹ fi ojú sí nǹkan bí 26 Wh tó máa dé inú ẹ̀rọ. Ẹ wo Wh tí wọ́n kọ sára bátìrì ẹ̀rọ yín, ẹ fi pín 26 yẹn, ẹ ó mọ iye ìgbà tó lè kún.

Ìṣòro tó wọ́pọ̀ ni ti fóltéèjì. Ọ̀pọ̀ power bank ń tú 5 V nìkan jáde, ó sì tó fún Gemini. Àwọn GPD ń béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ nípasẹ̀ USB-C PD (Power Delivery, ọ̀nà tí ẹ̀rọ àti ṣájà fi ń fohùn ṣọ̀kan lórí fóltéèjì). Lórí 5 V, wọn á ṣájì bí ìgbín, tàbí wọn á kọ̀ pátápátá. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ PD sí, tí 9 V àti 12 V sì wà lára ohun tó ń tú jáde. Okùn náà ńkọ́? Okùn USB-A sí USB-C kò lè gbé PD. USB-C ni orí méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́.

uConsole kò wá pẹ̀lú bátìrì. Èwo ni kí n fi sí i?

18650 méjì, ìyẹn bátìrì lithium roboto tó tóbi díẹ̀ ju AA lọ. Wọn kì í fi í ránṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rọ nítorí ìṣòro tó wà nínú fífi bátìrì lithium ránṣẹ́ lórí ọkọ̀ òfurufú. Ẹ ṣọ́ra lọ́jà: èyí tí wọ́n kọ 9,900 mAh sára rẹ̀ irọ́ ni, láìsí àní-àní. Ojúlówó tó wọ́pọ̀ wà láàárín 2,500 sí 3,500 mAh, ìwúwo rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 45. Bí ó bá fúyẹ́ gan-an, iyẹ̀pẹ̀ tàbí bátìrì kékeré kan ló wà nínú ìgò yẹn.

Kí méjèèjì jẹ́ irú kan náà, ọjọ́ orí kan náà. Ẹ wo àmì + àti − kí ẹ tó tì í wọlé. Bí ẹ bá fi sódì, bọ́ọ̀dù lè jóná, kò sì sí ẹni tó máa gbà á padà lọ́wọ́ yín.

Tòkunbọ̀ ni mo fẹ́ rà. Kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó sanwó?

Ẹ mú bátìrì tiyín dání, àti káàdì tiyín. "Kò sí bátìrì nílé" ni ọ̀rọ̀ tí àwọn tó ń ta ẹ̀rọ tó ti kú fẹ́ràn jù.

Ẹ ṣí ibi tí bátìrì ń gbé kọ́kọ́: bí ohun funfun tàbí àwọ̀ ewé bá wà lórí irin rẹ̀, bátìrì ti da omi níbẹ̀ rí. Bí kò bá pọ̀, ẹ fi òwú tó ní ọtí kíkan nù ún, ẹ wá fi sipíríìtì nù ún tẹ̀ lé e. Bí ó bá ti jẹ irin wọlé, ẹ fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ tàn án, ẹ tẹ gbogbo bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀mejì. Bọ́tìnnì kan tí kò ṣiṣẹ́ lè jẹ́ ìdọ̀tí. Bí odidi ìlà kan bá kọ̀, ọ̀nà tí iná ń gbà kọjá ti já, ìyẹn sì le. Ẹ wá rọra ṣí i, ẹ rọra pa á dé, kí ojú yín wà lórí síkírínì. Bí ìlà bá ń yọ tó sì ń lọ, ẹ ka ìbéèrè tó kàn.

Lára 200LX, ẹ wo igun méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ hínjì. Ibẹ̀ ló máa ń sán. Lára àwọn tó ń lo lithium, ẹ gbé ẹ̀rọ sórí ibi tó tẹ́jú. Bí ó bá ń mì tàbí tí kíbọ́ọ̀dù wú láàárín, bátìrì ti wú. Ẹ má ṣájì í.

Kí ló sábà máa ń bàjẹ́, ṣé ó sì ṣe é tún ṣe?

Psion 5: wáyà pẹlẹbẹ tó so ojú mọ́ bọ́ọ̀dù, tí àwọn atúnfóònùṣe ń pè ní flex. Hínjì tó dára yẹn náà ló ń pa á, torí gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí i ló ń tẹ wáyà náà níbì kan. Ìlà á kọ́kọ́ máa yọ, lẹ́yìn náà ojú á dúdú. Pípààrọ̀ flex ni ìwòsàn rẹ̀, ó sì gba sùúrù. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Àwọ̀ rọ́bà tó wà lára rẹ̀ náà máa ń bó tàbí kí ó máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Sipíríìtì lè nù ún kúrò títí á fi kan pílásítíìkì.

Nokia N900 (2009): ihò micro-USB rẹ̀ máa ń ya kúrò lórí bọ́ọ̀dù, torí òjé nìkan ló dì í mú. Ẹ tètè mú un lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ òjé í lẹ̀ kí ó tó fa ojú ọ̀nà iná ya, ẹ má sì dúró dìgbà tó bá já pátápátá. Títí dìgbà náà, ẹ yọ bátìrì BL-5J rẹ̀, ẹ fi desktop charger tí wọ́n ń tà káàkiri ṣájì í. Bátìrì yìí kan náà ni Nokia 5800 lò, kò ṣòro rí.

Báwo ni mo ṣe máa gbé iṣẹ́ mi kúrò lórí Psion tàbí 200LX?

Káàdì ló rọrùn jù. Psion 5 ń gba CompactFlash tààrà. 200LX ní ihò PCMCIA, ẹ ó ra adapter tó ń gba CompactFlash wọ inú rẹ̀. Ẹ lo káàdì 2 GB tàbí èyí tó kéré sí i, kí ẹ sì fi FAT16 (ọ̀nà àtijọ́ tí káàdì ń gbà to fáìlì) fọ́máàtì rẹ̀. FAT32 àti exFAT kò yé wọn. Ẹ má fi microdrive (dísíìkì kékeré tó ń yí, tó rí bíi CompactFlash) sínú 200LX, iná tó ń jẹ ju agbára AA méjì lọ. Lẹ́yìn náà, USB card reader lásán á kà á lórí kọ̀ǹpútà ńlá.

Fáìlì Word ti Psion kì í ṣe ti Microsoft. Ẹ gbé e jáde bíi text láti inú àtòjọ File kí ẹ tó yọ káàdì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àmì tí kò nítumọ̀ lẹ ó bá pàdé.

Mo fẹ́ kọ Yorùbá lórí ẹ̀rọ àtijọ́. Ẹ, ọ àti ṣ kò sí níbẹ̀.

Òtítọ́ ni. 200LX ń lo code page (àtòjọ lẹ́tà tí ẹ̀rọ mọ̀) 437 tàbí 850, Psion ń lo 1252. Gbogbo wọn ní á, à, é, è, í, ì, ó, ò, ú, ù, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ní lẹ́tà onídòótì nísàlẹ̀. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹ fi ìlà ìsàlẹ̀ dípò dòótì: e_ fún ẹ, é_ fún ẹ́, s_ fún ṣ. N/ lè dúró fún ń. Ẹ má lo àmì tí ẹ ń lò nínú ọ̀rọ̀ gidi.

Bí fáìlì bá dé orí Linux, ẹ kọ́kọ́ yí i padà: `iconv -f CP850 -t UTF-8 ise.txt > ise2.txt` (CP1252 fún Psion). Lẹ́yìn náà: `sed -i 's/e_/ẹ/g; s/é_/ẹ́/g; s/è_/ẹ̀/g; s/o_/ọ/g; s/ó_/ọ́/g; s/ò_/ọ̀/g; s/s_/ṣ/g' ise2.txt`. Ẹ fi lẹ́tà ńlá kún un. Bí ẹ bá ṣe sed ṣáájú iconv, gbogbo rẹ̀ á dàrú.

Lórí Linux òde òní ńkọ́? Mo fẹ́ tẹ àmì ohùn láìdúró.

Ètò Yorùbá ti wà nínú rẹ̀: `setxkbmap ng -variant yoruba`. Ṣùgbọ́n lórí kíbọ́ọ̀dù kékeré tí bọ́tìnnì rẹ̀ kò pé, Compose (bọ́tìnnì tó ń sọ àmì méjì tí ẹ tẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ di lẹ́tà kan) ló bá ọ̀pọ̀ ènìyàn lára mu. `setxkbmap -option compose:ralt` á sọ Alt ọ̀tún di Compose. Compose, ! àti e á fún yín ní ẹ; ! àti s á fún yín ní ṣ.

Ibi tó ti ń le ni ẹ́ àti ọ̀. Unicode kò ní ẹyọ kan fún wọn: ẹ ni (U+1EB9) tí a wá gbé U+0301 lé lórí. Ẹ dá fáìlì ~/.XCompose, kí ìlà àkọ́kọ́ jẹ́ `include "%L"`, kí ẹ wá kọ `<Multi_key> <1> <e> : "ẹ́"` àti àwọn yòókù. Àwọn ètò tó ń lo GTK 3 kì í gba èsì tó ju ẹyọ Unicode kan lọ; ẹ fi `GTK_IM_MODULE=xim` ṣí wọn, wọn á gbà.

Bí ẹ bá ń wá ọ̀rọ̀ kan nínú fáìlì tí kò sì rí i, tí ẹ sì ń wò ó lójú kòrókòró, àfàìmọ̀ kí ó má jẹ́ pé é ni ẹnìkan kọ́kọ́ kọ, tó wá fi dòótì sísàlẹ̀ rẹ̀. Ojú kan náà ni, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kà wọ́n sí méjì. `uconv -x any-nfc` á sọ gbogbo wọn di ọ̀kan náà.

Mo gbé Linux sí GPD Pocket, ojú rẹ̀ dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́.

Kò bàjẹ́. Panẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ jẹ́ ti táblẹ́ẹ̀tì, ìdúró ni wọ́n ṣe é, GPD wá dùbúlẹ̀ ẹ́. Kernel (ọkàn Linux) tuntun ti mọ èyí, ó ń tún un ṣe fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n GRUB, ètò tó ń jí Linux, á ṣì dùbúlẹ̀ kí ó tó dé ibẹ̀. Bí kernel yín bá ti pẹ́, ẹ fi `fbcon=rotate:1` kún ìlà kernel nínú GRUB fún ojú dúdú tí ẹ ń tẹ àṣẹ sí, kí ẹ sì lo `xrandr --output DSI-1 --rotate right` fún X, ètò tó ń ya fèrèsé sójú Linux. Ẹ tẹ `xrandr` nìkan lákọ̀ọ́kọ́ láti mọ orúkọ tí ojú yín ń jẹ́.

Lẹ́yìn èyí, bí ẹ bá fọwọ́ kan òkè tí kọ́sọ̀ sì lọ sí ẹ̀gbẹ́, ẹ wá orúkọ touchscreen pẹ̀lú `xinput list`, kí ẹ wá kọ `xinput set-prop "orúkọ rẹ̀" "Coordinate Transformation Matrix" 0 1 0 -1 0 1 0 0 1`. Lórí Wayland, tó ń rọ́pò X, àwọn àṣẹ méjèèjì yìí kò ṣiṣẹ́. Inú ètò Display ti tábìlì iṣẹ́ ni ẹ ti máa yí i, ìfọwọ́kàn á sì sábà tẹ̀ lé e.